Ẹlẹ́rìn-ín Kúrò Lọ́wọ́ Ìyá Rẹ̀

Aránṣọ kò tíì bọ́ bàtà tán tí ojú rẹ̀ fi lọ sí ẹsẹ̀ ọmọ àbúrò rẹ̀. Báńdéèjì líle funfun ni wọ́n fi dì í láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, apá ni.

"Kí ló tún dé?"

"Ó ṣẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi." Àbúrò rẹ̀ ò gbójú sókè. "Mo kàn ń yí i padà lórí ibùsùn."

Ọmọbìnrin náà kò rìn rí, kò dúró rí, kò sì sọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀rín ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ẹlẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yìí, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá rẹ̀ nawọ́ láti tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, ńṣe ló ń gbọ̀n.

Aránṣọ rí i.

Fèrèsé wà ní títì pa. Oògùn gìrì tí ọmọ náà ti ń lò láti kékeré wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọmọ náà sórí itan.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Àbúrò rẹ̀ ti jágbe kó tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ má bínú. Dókítà kan sọ fún mi pé egungun tí kò bá gbé ara dúró rí kì í le, pé oògùn gìrì náà tún ń jẹ ẹ́."

"Egungun ọmọdé? Àwa tí irun wa ń funfun ni egungun ń gbẹ lára wa. Má fi mí ṣe ọmọ àná."

Láti kékeré ni àbúrò rẹ̀ ti jẹ́ onínúfùfù. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Nígbà tí aránṣọ ń lọ, obìnrin tó ń gbé yàrá kejì tẹ̀ lé e jáde.

"Mi ò fẹ́ dá sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀ o. Àmọ́ láràárọ̀ là ń gbọ́ igbe ọmọ yẹn. Láràárọ̀! Tó bá ti ń wẹ̀ ẹ́ báyìí, igbe ni."

Aránṣọ gba ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé lọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀.

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣẹ́?" ni ọkùnrin ọ́fíìsì náà bi í.

"Èmi nìkan ni, sà."

"Apá ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

"Ọmọ tí kò rìn kò lè ṣubú, màmá. Kí ló wá ń ṣẹ́ ẹ léegun?"

Ó ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ṣáà mọ̀ mí."

"Mo mọ̀ ọ́," ni aránṣọ wí. "Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́ ló gbé mi wá síbí."

Wọ́n gba ọmọ fún aránṣọ, wọ́n sì kìlọ̀ fún ìyá pé kó má dé ìtòsí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò janpata. Ó kàn dúró ti fèrèsé ọkọ̀, omi ń dà lójú rẹ̀ bí òjò. "Ẹ̀gbọ́n mi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e, ẹ jọ̀ọ́, ẹ..." Aránṣọ yí gíláàsì sókè.

Nílé aránṣọ, fèrèsé máa ń wà ní ṣíṣí láti òwúrọ̀. Kò sẹ́ni tó ń jágbe. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi padà sẹ́nu ọmọ náà, tó jẹ́ pé tí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ti ń dún, òun náà á máa rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Àwọn ẹbí ń pè láti kí aránṣọ pé ó ṣe bẹbẹ. Àbúrò rẹ̀ náà ń pè. Aránṣọ kò gbé ìpè rẹ̀.

Ó rán aṣọ tuntun fún ọmọ náà, aṣọ òdòdó tó fẹ̀ dáadáa, èyí tí kò ní fún un níbì kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, nínú ilé tó jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ló wà, ó gbé ọmọ náà jókòó, ó ń kọrin sí i létí, ó rọra mú ọwọ́ rẹ̀ gba inú apá aṣọ bí ẹni mú ẹyin, ó sì gbọ́ ìró kékeré kan bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá ṣẹ́, kẹ́, kó tó di pé igbe ọmọ náà gba gbogbo àdúgbò.