Ọ̀nà Tóóró Lẹ́bàá Odò Ògùn

Dúró ná. Ìwọ tí o ń sáré ka ìwé bí ẹni tí òjò ń lé, fi ìdí lélẹ̀, kí o gbọ́ bí Ọlábámijí ọmọ Ọ̀fà ṣe tọ ẹ̀bá odò lọ dé etí òkun.

Lọ́dún tí wọ́n ń tẹ́ irin ọkọ̀ bọ̀ láti Èkó, tí kò tíì ré kọjá Abẹ́òkúta, àwọn ará Ọ̀fà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ilé padà sórí àlàpà tí ogun fi sílẹ̀ ni. Ọlábámijí mọ yàrá méjì, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ìyá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìjàkadì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ní Ọ̀fà tí ìjàkadì ti jẹ́ orò ìlú, kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló dá a rí, kí ogun tó dé, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ lójú òun.

Lọ́jọ́ tí ìlú fọ́, orí àjà ló sá sí. Ibẹ̀ ló ti rí ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó so okùn mọ́ ọrùn Àrìnpé, àbúrò rẹ̀, tó sì fà á jáde bí ewúrẹ́. Ẹ̀yìn yẹn nìkan ló rí. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń lá àlá rẹ̀.

Nígbà tó yá, Àlàbí tó ń ṣòwò obì dé láti Èkó, ó ní òun ti mọ ọkùnrin náà. Dúrótìmí lorúkọ rẹ̀ lójú ogun. Nísinsìnyí ó ti ṣe ìrìbọmi, Jákọ́bù ni wọ́n ń pè é, ó sì ń gbé nílé onípákó kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, létí òkun. Àlàbí kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí Ọlábámijí fi dìde lọ mú kùmọ̀ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń ki aṣọ bọ inú àpò.

"Bámijí, kí lo fẹ́ lọ ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ pa á, Ìyá mi."

"Ọmọ mi ni kí o mú wá fún mi. N kò rán ẹ ní òkú ẹnì kankan."

Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó sì jáde. Ó rìn títí. Ní odò Ọ̀ṣun, atukọ̀ ní kó ṣe sùúrù kí èrò pé. Ó ṣẹ́ ọkùnrin náà lápá, ó sì fúnra rẹ̀ tu ọkọ̀ sọdá.

Ní Abẹ́òkúta ó bọ́ sí ẹ̀bá odò Ògùn. Wọ́n ní kó má fi odò náà sílẹ̀, pé òun ni yóò mú un dé ọ̀sà. Àárín ìlú ni ọ̀nà náà gbà kọjá, àpáta lápá kan, omi lápá kejì, ó sì há débi pé ẹni méjì kò lè pàdé níbẹ̀ kí ọ̀kan má fara ti àpáta. Òjò ń rọ̀. Odò ti kún, ó ń gbé odindi igi lọ. Lórí àpáta lókè, àwọn aláró ń sáré kó aṣọ tí wọ́n sá.

Bàbá kan tó ti ń hewú ń bọ̀ níwájú, ó ru ẹrù. Obìnrin kan tẹ̀ lé e, ó fi aṣọ bo orí dé imú nítorí òjò. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹni tó ru ẹrù là ń yà fún.

"Ọmọ mi, ẹrù ń bẹ lórí," bàbá náà wí. "Yà fún wa."

"Ọ̀nà baba ẹ ni?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Baba mi ò lọ́nà kan, àfi ọ̀nà oko rẹ̀. Ti Olúwa lèyí. Ìwọ ṣáà yà, àwa á ṣàdúrà fún ẹ."

Ọlábámijí fi kùmọ̀ lù ú lágbárí. Bàbá náà wó bí igi tí wọ́n gé, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, ó sì yọ̀ ṣubú sínú odò. Ẹrù rẹ̀ tú. Bíbélì kan bọ́ sínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú aṣọ àlàárì tuntun kan, irú èyí tí àgbà obìnrin máa ń ró. Omi gbé aṣọ náà lọ.

Obìnrin náà kò sá, kò sì pariwo. Ó tẹrí ba, ó wọlé sí Ọlábámijí lábẹ́ apá, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ ní gìgísẹ̀ òsì, ó sì tì í. Ẹ̀yìn Ọlábámijí kan ẹrẹ̀.

Ẹ̀rín bú lókè.

"Ọkùnrin, dìde," aláró kan wí. "Ilẹ̀ kì í ṣe ẹní."

Òmíràn ní kó bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ fún obìnrin náà.

Ọmọ Ọ̀fà lè gba ìyà, ṣùgbọ́n kò lè gbà kí a dá òun lójú èèyàn. Ó dìde, ó gbá obìnrin náà mú níbàdí, ó gbé e sókè. Aṣọ ṣí kúrò lójú obìnrin náà. Ó wo Ọlábámijí, ó tún un wò, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ pe èèyàn. Ọlábámijí kò rí i. Ojú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn aláró lókè, kó lè rí i pé wọ́n ń wo òun. Ó ju obìnrin náà sínú odò. Omi yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé e mì.

Ẹ̀rín dákẹ́ lókè. Ọlábámijí nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́yìn, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ló tún fi tọ odò náà, títí odò fi di ọ̀sà, ó sì wọkọ̀ sọdá sí Èkó. Òkun ń bú lẹ́yìn ilé onípákó náà. Ìyá àgbà kan, Ìyá Ajíbádé, ló ń gbá yanrìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọlábámijí fi kùmọ̀ pamọ́ sẹ́yìn, ó kí i, ó ní Jákọ́bù ni òun wá rí.

Ìyá náà gbójú sókè. Ó wo ilà tó wà lójú rẹ̀, ìgbálẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilà Ọ̀fà rèé. Àbí ìwọ ni Bámijí?"

Inú ìyá náà dùn débi pé kò dúró gbọ́ èsì: ó ní ẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ ló ba Jákọ́bù, ó sì fi ọdún mẹ́rin wá Àrìnpé tó tà lẹ́rú, títí ó fi rí i rà padà, pé ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń tọ ẹ̀bá odò lọ sí Ọ̀fà, kó lè fi í lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ kó sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti pé ẹ̀rín ni Àrìnpé ń rín bí wọ́n ṣe ń jáde lẹ́nu ọ̀nà yìí, ó ní òun nìkan ló dá Bámijí rí, lọ́jọ́ tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, gìgísẹ̀ òsì yẹn náà lòun yóò sì tún kọ́, kó lè mọ̀ pé òun ni. Ìwọ òǹkàwé tí kùmọ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ, mo bẹ̀ ọ́, yí padà lónìí, kí o tó dé odò.