Ẹnìkejì Aṣòfin Níbi Òkú Ìyá Rẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń sin ìyá rẹ̀, ilé ni Siok-hun, aṣòfin kan nílùú Tainan, jókòó sí. Ní Táíwàn, aṣòfin tí kì í lọ síbi òkú àwọn tó dìbò fún un, kó má retí ìbò ẹbí wọn mọ́. Nítorí náà ni ìjọba ṣe fún aṣòfin kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tó jọ ọ́ bí ìbejì, tí yóò máa lọ síbi òkú dípò rẹ̀. Aṣòfin fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọjú síbi òkú kankan mọ́, kí wọ́n má baà ní ó ṣe ojúsàájú.

“Ìyá mi ni,” ó sọ fún akọ̀wé rẹ̀ lórí fóònù.

“Mo mọ̀, Ọlọ́lá. Ìyá yín ni ìkọkànlá nínú òkú mọ́kàndínlógún tòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde.”

Tẹlifíṣọ̀n ń tẹ̀lé ẹ̀rọ náà kiri. Siok-hun rí i tó mú tùràrí, tó tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹta níwájú pósí, tó di ọwọ́ Bîng-tik, àbúrò rẹ̀, mú.

“Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá yín,” ẹ̀rọ náà wí, ó sì jáde.

Kò pẹ́ tí Bîng-tik fi pè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹbí ní ẹ tẹrí ba dáadáa ju ọjọ́ tí a sin bàbá lọ.”

“Ṣé mo sunkún?”

“Rárá o. Ẹ ní òkú mẹ́jọ ṣì kù.”

Siok-hun dìde. Ó tan tùràrí tirẹ̀, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ó tẹrí ba. Nígbà tó gbójú sókè, òkú ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀.