Yàrá Ọ̀jọ̀gbọ́n Halabi

Ọ̀gá wa ń sunkún níwájú èrò, ní ilé ẹ̀kọ́ òfin wa ní Berlin.

"Ọ̀rẹ́ mi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Halabi!"

Irọ́ ń rùn.

Bọ́ǹbù ló pa Halabi ní Gaza, lẹ́yìn ogún ọdún tó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lófin. Lónìí, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yàrá àlejò wa.

Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́.

Àbúrò mi, Morísọ́lá, tó wọ Zug, ọkọ̀ ojú irin, wá láti Hamburg torí ìwé Halabi tó ń kà, rọra fọwọ́ kàn mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò pàtẹ́wọ́ ni?"



Kí ogun tó dé, Halabi tọrọ yàrá yìí gan-an, kó lè wá ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ wa. Yàrá náà ṣófo. Ọ̀gá ní kí wọ́n kọ̀wé sí i pé kò sáyè.

Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì.

Àwọn ló tẹ lẹ́tà náà.