Ẹran Tí Afínjú Gé fún Igún

Ẹ̀yin tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Ìparí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà.

1.
Alápatà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Afínjú. Ìsọ̀ rẹ̀ ń dán gbinrin, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí i nínú: àwọn igún orí igi ẹ̀yìn ìsọ̀. Bí wọ́n bá ń dúró de ìfun àti egungun tó ń dà sẹ́yìnkùlé, orí òrùlé rẹ̀ ni wọ́n ń bà sí, wọ́n a sì yàgbẹ́ sórí páànù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Alásè ilé-ẹ̀kọ́, tó ń ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́:

"Afínjú, ta ló bá ọ kun òrùlé? Ọ̀dà yìí mà dára o!"

Afínjú náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dénú.

2.
"Baba ọmọ mi, ẹ fi àwọn ẹyẹ yẹn sílẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Bí wọn ò bá jẹ ìfun yẹn, ta ni yóò jẹ ẹ́?"

"Ṣé igún lo fẹ́ ni, àbí èmi?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni igún kì í yára pọ̀ sí i. Ẹyin kan péré ni abo ń yé lọ́dún, iye wọn sì ti ń dín kù.

3.
Afínjú ra májèlé. Ó gé ẹran, ó pa májèlé náà mọ́ ọn lára, ó sì dà á sẹ́yìnkùlé. Kí oòrùn tó kàn àtàrí, òkú igún ti wà lórí òrùlé, nínú gọ́tà àti lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọ igún kan ṣoṣo ló kù nínú ìtẹ́. Ó ń ké títí tí ohùn rẹ̀ fi tán.

Àwọn èèyàn pé jọ, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ohun tó pa ẹyẹ. Ẹni tó gbọ́n ì bá panu mọ́. Afínjú lu àyà:

"Èmi ni! Mo gé ẹran, mo fi májèlé sí i, wọ́n jẹ, wọ́n kú. Ta ló tún fẹ́ fi òrùlé mi ṣe yẹ̀yẹ́?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alásè wo ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

"Afínjú, orí tábìlì wo lo ti gé e?"

Afínjú fi aṣọ nu tábìlì rẹ̀.

"Ọ̀bẹ wo lo fi gé e?"

"Mo fọ̀ ọ́, Màmá. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa."

"Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń se oúnjẹ fún." Ó da ẹran náà padà sórí tábìlì, ó bá tirẹ̀ lọ.

4.
Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹran Afínjú kò pa ẹnikẹ́ni lára, síbẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Afínjú pààrọ̀ tábìlì, ó pààrọ̀ ọ̀bẹ, ó tilẹ̀ dín ẹran jẹ lójú gbogbo ayé.

"Ṣé ẹ rí i pé èmi náà ń jẹ ẹ́?"

"Ẹni tó mọ ibi tó fi májèlé sí," ni ẹnì kan dá a lóhùn, "ló mọ èyí tó yẹ kóun jẹ."

Ní ẹ̀yìnkùlé, ìfun ń jẹrà. Eṣinṣin bò ó, ajá ìgboro ń jà lé e lórí. Òórùn náà lé àwọn oníbàárà díẹ̀ tó kù lọ. Afínjú ti ìsọ̀ pa.

5.
Ẹran tó kù, ó gbé e wálé. Nígbà oúnjẹ, ó ṣí ìkòkò.

"Ẹja lo sè?"

"Ẹja ni."

"Ẹran tí mo mú wálé ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ wo àwọn ọmọ tó ń jẹun.

"Ẹ má bínú, baba ọmọ mi."

Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má ṣe fi májèlé lé ẹyẹ tó ń bá yín kó ìdọ̀tí. Ẹ̀gbin ara òrùlé, omi lásán ló ń fọ̀ ọ́. Ìfura tó bá ti wọ inú ìkòkò oúnjẹ, kò ní ọṣẹ. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.