Lorne da ọ́ìlì ojú gírísì nù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí kì í gbọ́ràn.

1.
Àgbẹ̀ alálìkámà ni Lorne Hrynchuk, ní àdúgbò wa ní Saskatchewan, ní ilẹ̀ Kánádà. Ó mọ́ tónítóní, àmọ́ agbéraga ni. Nígbà ooru, ó ṣí garawa gírísì ẹ̀rọ ìkórè rẹ̀, ó rí i pé ọ́ìlì ti dárogún sójú rẹ̀. Ló bá ń dà á nù.

Màmá Verna, aládùúgbò rẹ̀ tó ti fi ogójì ọdún tún ẹ̀rọ ṣe, kígbe: "Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Gírísì yìí ti bàjẹ́, Màmá. Ó ń ṣomi."

"Kò bàjẹ́! Ọ́ìlì yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ìyókù kàn ń dì í mú ni, bíi fóòmù tó mu omi. Rò ó pọ̀ padà, kí o tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ọ́ìlì má baà rí kòtò dúró sí."

Lorne bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ lọ sinmi. Ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Garawa mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ohun tó kù le bí ọṣẹ gbígbẹ, òun ló sì fi sí gbogbo bíárìnì ẹ̀rọ náà, ìyẹn àwọn òrùka irin tí ẹ̀rọ fi ń yí.

2.
Ìkórè dé. Rédíò ní yìnyín máa bọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, igba éékà àlìkámà sì wà nílẹ̀. Lorne ń wa ẹ̀rọ náà lọ nígbà tí bíárìnì kan han goooro, èéfín sọ, iná sì ràn.

"Lorne, sọ̀ kalẹ̀!" Halyna ìyàwó rẹ̀ ló sáré gbé omi dé. Wọ́n pa iná náà, àmọ́ ẹ̀rọ ti kú. Lorne jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún.

"Bí yìnyín bá bo àlìkámà yìí, a máa ta oko bàbá mi."

"Lọ bá Màmá Verna."

"Ojú ń tì mí."

"Ṣé ìtìjú ló máa kó àlìkámà wọlé?"

3.
Màmá Verna kò bú u. Ó tú bíárìnì ara ẹ̀rọ tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó gbé e wá.

"Garawa mélòó lo ò tíì ṣí?"

"Ẹyọ kan, Màmá."

Wọ́n ṣí i. Ọ́ìlì wà lójú rẹ̀. Lorne fúnra rẹ̀ mú igi, ó rò ó títí ọ́ìlì fi wọlé tán, tí gírísì náà rọ̀, tó ń dán.

"O rí i? Ó kàn ń dúró de ẹni tó máa dá a padà ni."

Wọ́n fi bíárìnì Màmá rọ́pò èyí tó jóná, wọ́n nu gírísì gbígbẹ kúrò lára ìyókù, wọ́n sì fi gírísì tí Lorne rò sí gbogbo wọn. Ọkọ̀ àlìkámà tó kẹ́yìn ń wọ ilé ọkà nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Lorne gbé páì lọ fún Màmá Verna.

"Èmi ni mo yan án o, Màmá."

"Abájọ tó fi jóná!"

Wọ́n jọ jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo kìlọ̀ fún yín o: ohun tí ẹ ò bá mọ ìwúlò rẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó dà á nù. Bí ẹ bá sì ti fi àgbà tó mọ iṣẹ́ ṣẹ̀sín, ẹ dìde lónìí, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kó ti máa retí yín.