Iná Pijó Bàbá Sàídì

Iná iwájú Pijó 404 Bàbá Sàídì kò mọ́lẹ̀ ju fìtílà elépo lọ. Ọkọ̀ náà ti lé ní ogún ọdún. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún geere, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bàbá kò gbọdọ̀ wà á sọ̀kalẹ̀ láti Ọ̀kà lọ sí Ìkàrẹ́. Ọ̀nà orí òkè yẹn kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń táràrà lórí rẹ̀.

Sàídì, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ti kọ̀wé láti Kàdúná pé lọ́jọ́ Jímọ̀ lòun ń bọ̀, ọkọ̀ á sì já òun sí gáréèjì Ìkàrẹ́ lẹ́yìn ìrun Màgàríbì. Ọdún mẹ́rin ni bàbá ò ti fojú kàn án. Lọ́jọ́ tó ń lọ, Pijó yìí ló gbé e dé gáréèjì, tòun ti àpótí irin aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ̀ sí lára.

"Ọkọ̀ tó gbé e lọ náà ló máa gbé e wálé," ni bàbá sọ fún Memunat, ìyàwó rẹ̀.

"Pẹ̀lú iná wo? Sàídì tí ẹ mọ̀, ó lè yọ sí wa kí Jímọ̀ tó pé."

"Kó má dán an wò. Mi ò tíì ṣe tán."

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bá Pius, rewaya, ní Ìkàrẹ́. Òun àti Sàídì jọ lọ sílé ìwé ni. Pius tan iná náà, ó pa á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, gílóòbù yín ò ṣe nǹkan kan. Inú súìṣì àtijọ́ yìí àti wáyà tín-ín-rín yìí ni gbogbo iná ń gbà, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé iwájú. Màá fi rìlée méjì sí i. Súìṣì á kàn máa pàṣẹ, rìlée á máa gbé iná láti inú bátìrì lọ tààrà."

"Ìgbà wo?"

"Lọ́la, sà. Kùtùkùtù ni màá ti dé Ọ̀kà."

Ọ̀la pé, Pius ò yọjú. Ta ni ò mọ̀ wọ́n? Ọ̀la rewaya kì í tán. Ìrọ̀lẹ́ ló tó wọlé, erùpẹ̀ pupa kún orúnkún ṣòkòtò rẹ̀.

"Ibo lo wà láti àárọ̀?"

"Ọkọ̀ kan ló ṣubú lójú ọ̀nà lálẹ́ àná, Bàbá. A lọ bá wọn ṣe é."

"O rí i báyìí? Àìníná ni! Ìdí tí mo fi ń lé ọ kiri nìyẹn."

Pius ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Memunat gbé iyán fún un, kò fọwọ́ kàn án, òun tó jẹ́ pé nígbà tó wà lọ́mọdé, òun àti Sàídì kì í fi èérún sílẹ̀ nínú odó.

Lọ́jọ́ Rú, Limota, àbúrò Memunat, wá mú un lọ sí Ìkàrẹ́, ó ní ara ọmọ òun ò yá. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Pius so wáyà ńlá mọ́ bátìrì, ó ki rìlée méjèèjì bọ àyè wọn, ó tan iná. Ògiri funfun báláú. Bàbá pàtẹ́wọ́.

"Ha! Iná rèé!"

Raheem, àbúrò bàbá, wà níjòókòó nínú àgbàlá. Èèyàn tí kì í yà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àfi lọ́dún Iléyá, ó ti ń wá láràárọ̀ báyìí. Ó pe Pius sẹ́yìn ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iná náà ò tàn mọ́.

"Rìlée ló jó," ni Pius wí. Ilẹ̀ ló ń wò. "Ó di kí n rán èèyàn sí Àkúrẹ́."

"Jímọ̀ lọ́la ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá."

Raheem mú nọ́ọ̀sì kan wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì náà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bàbá, ó mi orí sí Raheem, ó sì lọ. Memunat ò tíì dé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Pius ò wá rárá. Bàbá wọ agbádá tó fẹ́ fi pàdé ọmọ rẹ̀, ó dúró títí oòrùn fi ń wọ̀, ó wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Àyè rìlée méjèèjì ṣófo. Kò sí ohun tó jó níbẹ̀.

"Olè!" Omi lé ròrò sí i lójú. "Ọmọ tó ń jẹun nílé mi! Sàídì á dúró sí gáréèjì, á máa wojú ọ̀nà, á rò pé mo gbàgbé òun!"

"Ẹ̀gbọ́n, sùúrù ni baba ìwà," ni Raheem wí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, kò sì yọ ọ́ mọ́. "Ẹ jẹ́ kí a kírun ná. Àwọn alàgbà kan ń bọ̀ wá kí yín."

"Kí mi fún kí ni?"

Wọ́n kírun. Bàbá padà sídìí ọkọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe dírẹ́fà. Ó mọ̀ pé wáyà lásán lè ṣe iṣẹ́ rìlée, kò kàn ní máa gbọ́rọ̀ sí súìṣì lẹ́nu ni. Ó gé wáyà kúkurú kan, ó fi eyín bó o lórí, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ojú ihò méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tàn án!"

Iná bù yẹ̀rì, ó mọ́lẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà dé títì. Raheem sáré lọ yí súìṣì, ó yí i, ó tún yí i, iná ò kú, rìlée méjèèjì sì já bọ́ láti inú àpò rẹ̀.

Láàárín ìmọ́lẹ̀ náà, Memunat ń bọ̀ láìwé gèlè, Pius àti obìnrin kan dì í mú lápá lọ́tùn-ún lósì, àwọn alàgbà mọ́sálásí ń tẹ̀ lé wọn, Limota sì wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú àpótí irin aláwọ̀ ewé lórí, igun rẹ̀ kan ti wó, orúkọ Sàídì hàn ketekete lára rẹ̀.