Bí Ìsmáílà Ṣe Sun Igbó Ọ̀ṣuntókun

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ ìdílé, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ dáná sóko.

1.

Láàárín Ẹ̀jìgbò sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, igbó kan wà tó jẹ́ ti ìdílé Ọ̀ṣuntókun. Ọ̀ṣuntókun fúnra rẹ̀, bàbá àgbà wọn, ló dá a sí nígbà tí gbogbo ènìyàn ń gé igi lulẹ̀ láti gbin iṣu. Ó ní orísun omi wà nínú rẹ̀, bí òjìji igi bá lọ, omi náà á lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá gé igi kan á gbin mẹ́ta. Àwọn ìyàwó ilé ń já ewé eéran níbẹ̀, ewé tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín.

Òfin kan ló le jù. Ẹni tó bá fẹ́ sun oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké sí igbó. Á rìn yí etí rẹ̀ ká, á máa pariwo pé, "Iná ń bọ̀ o! Ta ló wà níbẹ̀?" títí gbogbo ẹni tó wọlé á fi jáde. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, ni wọ́n á tó ṣáná. Ó ń gba àkókò. Ṣùgbọ́n láti ayé Ọ̀ṣuntókun, iná kò wọ igbó náà rí.

2.

Ìsmáílà, ọmọ ọmọ Ọ̀ṣuntókun, lo ọdún méjìdínlógún ní Àbíjàn. Ó wálé nínú ọyẹ́ ọdún tó kọjá, ó ṣán ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ igbó láti gbin kajú. Ìyàwó rẹ̀ ni Mùínàt. Ewé tó ń já tà nínú igbó yìí ló fi tọ́ Sọ̀fíyátù, ọmọ wọn, nígbà tí ọkọ wà lájò.

Mùínàt bẹ̀ ẹ́. "Bàbá Sọ̀fíyátù, kajú yín dára. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí iná kan igbó. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi."

Ìsmáílà rẹ́rìn-ín. "Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ilẹ̀kùn! Fọkàn balẹ̀. Iná ò ní débẹ̀."

"Ẹ ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí."

3.

Ọjọ́ Àìkú ni. Mùínàt jáde láàárọ̀, ó ní òun ń lọ sí ìkómọ ní ìlú Ara. Mọ́tò tí Ìsmáílà máa wọ̀ padà sí Àbíjàn ń gbéra lọ́jọ́ kejì. Ní ọ̀sán gangan, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé eruku, Gàníyù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, bá a létí oko, ìṣáná wà lọ́wọ́ Ìsmáílà.

"Ìsmáílà, o ti ké sí igbó?"

"Tọ́ńtọ́n, mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí Wọ́sáàpù." Bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ní Àbíjàn ló ń pe bàbá náà.

"Ta ló dá ọ lóhùn?"

"Kàmọ́rù."

"Kàmọ́rù tó wà ní Àbíjàn? Ṣé Àbíjàn ni iná fẹ́ jó ni? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ inú igbó yẹn, o mọ̀."

"Gbogbo obìnrin ilé ló lọ sí ìkómọ. Àbí ẹ fẹ́ kí n máa pariwo fún ọ̀bọ?"

"Dúró dìrọ̀lẹ́, jọ̀ọ́."

"Mo ní ẹrù tí mo fẹ́ dì, Tọ́ńtọ́n."

Ó ṣáná.

4.

Iná náà kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ gbé e fo ojú ọ̀nà tí Ìsmáílà gé sílẹ̀ láti dá iná dúró, ó bọ́ sórí ewé gbígbẹ. Òun àti Gàníyù àti ọkùnrin mẹ́ta tó sáré wá já ẹ̀ka igi tútù, wọ́n ń fi lù ú. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì péré ló wà lóko.

Ìgbà náà ni fóònù Ìsmáílà dún. Beauty ni, obìnrin tó ń ta mọ́ínmọ́ín ní Masifa.

"Bàbá Sọ̀fíyátù, ẹ káàsán. Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó yín ò tíì gbé ewé mi dé. Mo pè é lọ́nà Ara láàárọ̀ pé ewé mi ti tán, ó ní bí òun bá ń bọ̀ lọ́sàn-án, òun á yà wọ igbó kíá. Nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́."

Ìsmáílà gé ìpè náà. Ó wo ohùn tó fi ránṣẹ́ sí ẹbí. Mùínàt kò tíì gbọ́ ọ.

Ó wá ń ké sí igbó. Ó ké, ó ké, "Mùínàt! Mùínàt o!" Ìró igi tó ń ya lulẹ̀ ló ń dá a lóhùn. Ó fẹ́ kó wọ inú iná. Gàníyù àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà dì í mú mọ́lẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo iná.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó lè wọlé. Wọ́n bá Mùínàt nínú orísun omi, ó jókòó, ó fara ti òkúta. Iná kò kàn án. Èéfín ló pa á.

5.

Omi náà gbẹ kí òjò tó dé. Ewé eéran kì í hù níbi tí kò sí òjìji. Ìsmáílà kò lọ sí Àbíjàn mọ́, kò sì gbin kajú kankan. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Sọ̀fíyátù nìkan ló bi í ní ìbéèrè kan lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ.

"Bàbá mi, ká ní ẹ pe ìyá mi, ṣé wọn ì bá gbọ́?"

Ìsmáílà mọ ìdáhùn rẹ̀. Láti etí igbó sí orísun omi, ohùn ènìyàn ń débẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin ará, òfin tí ẹ bá bá nílé, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fò ó. Bí ẹ bá fẹ́ dáná sóko, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn, ẹ fi ẹnu yín pè, ẹ fi ojú yín rí ẹni tó jáde. Ẹ má fi ìkánjú ọjọ́ kan pa ohun tí bàbá yín fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́. Ẹkún kì í pa iná tó ti jó tán.

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.